SSD wo ló yẹ kí n rà fún kọ̀ǹpútà ilé nígbà tí owó ọwọ́ kò tó nǹkan?

Alátùpà béèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà nílé wa tí gbogbo ìdílé jọ ń lò, ó sì ti lo nǹkan bí ọdún 9. Bí a bá tàn án, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 4 kí a tó lè ṣí lẹ́tà kan ṣoṣo, hádì dísìkì rẹ̀ yóò sì máa ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí eku tó há sínú àpótí. Mo ṣí Task Manager, ojú ibi tí Windows ti ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, mo sì wò ó. CPU kò ṣe ju ìdá 10 nínú 100 lọ, RAM 8 GB tó wà níbẹ̀ kò kún, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ Disk sí, 100% ló dúró sí, kò mì.

Àwọn tó mọ̀ sọ fún mi pé SSD, ìyẹn dísìkì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni oògùn rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú fún mi nìyí. Oríṣi 4 ni mo rí tí owó mi ká. Ọ̀kan jẹ́ SATA, èyí tí à ń fi wáyà so bíi hádì dísìkì, 500 GB ni, wọ́n sì kọ TLC sí lára páálí rẹ̀. Èkejì jẹ́ SATA 1 TB tí wọ́n kọ QLC sí, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta rí pẹlẹbẹ, NVMe ni wọ́n pè é, wọ́n ní ó ń ka 3500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀kẹrin kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára, ṣùgbọ́n 2 TB ni wọ́n kọ sí i, òun ni owó rẹ̀ sì wálẹ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Iṣẹ́ ilé lásán la fi kọ̀ǹpútà náà ń ṣe: lẹ́tà kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, àti àwòrán ẹbí tó ti tó 300 GB báyìí. Èwo ni kí n mú, kí n má baà fi owó tí kò tó ra ohun tí yóò tún mú mi náwó?

Bàbá Ẹ̀rọ fèsì:

Alátùpà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì mú ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ihò tí SSD yóò wọ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí a kì í dá fìlà fún ẹni tí a kò tíì wọn orí rẹ̀.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ pátápátá, ẹ tú síkúrù méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fa ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ wo ojú motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ohun inú kọ̀ǹpútà so mọ́, bóyá ẹ ó rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kọ M.2 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ibi tí wọ́n ń dé síkúrù mọ́ sì jìnnà sí i dáadáa. SSD tó wọ́pọ̀ jù fún ihò yìí ni wọ́n ń pè ní 2280, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó sì gùn ní 80. Bí ihò yẹn kò bá sí, ọ̀rọ̀ NVMe ti tán nìyẹn. Òótọ́ ni pé káàdì kan wà tí a lè fi gbé NVMe sínú ihò PCIe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ motherboard àtijọ́ kò mọ bí a ṣe ń gba ara NVMe jí, owó káàdì náà yóò sì tún gorí owó tí kò tó.

Bí ihò náà bá wà, ẹ má tíì yọ̀. M.2 jẹ́ orúkọ bí ihò ṣe rí, kì í ṣe orúkọ èdè tí dísìkì àti motherboard jọ ń sọ. M.2 kan wà tó jẹ́ SATA nìkan ló gbọ́, òmíràn wà tó jẹ́ NVMe nìkan ló gbọ́, òmíràn sì gbọ́ méjèèjì. Ìwé tó bá motherboard wá ni yóò sọ èyí tí tiyín jẹ́. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ẹ ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára motherboard gan-an, kí ẹ sì fi wá a lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Ní ti ìyára, irọ́ kọ́ ni 3500 MB tí wọ́n kọ sí NVMe yẹn, àmọ́ ìgbà tí a bá ń ka fáìlì ńlá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìkan ló ń rí bẹ́ẹ̀. SATA kò lè kọjá nǹkan bí 550 MB, nítorí gígábíìtì 6 ni ojú ọ̀nà rẹ̀ gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá wò ó báyìí, NVMe fi ìlọ́po 6 ju SATA lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń ṣà jọ, bí ẹni tí ẹ̀pà dà mọ́ lọ́wọ́. Apá irin tó wà nínú hádì dísìkì gbọ́dọ̀ rìn lọ síbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà, kí ó sì dúró kí àwo tó ń yí gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí ń gbà á ní nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ǹdù 10 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kò lè ṣà ju bí 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo eku tí ẹ ń gbọ́ yẹn, apá irin náà ló ń sáré kiri. SSD kò ní apá, kò ní àwo, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlísẹ́kọ́ǹdù kan sì tó o láti rí ohun tó ń wá. Láti hádì dísìkì bọ́ sí SATA, ẹ ó rò pé wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun wọlé ni. Láti SATA bọ́ sí NVMe, fún irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ ó nílò aago lọ́wọ́ kí ẹ tó mọ ìyàtọ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ fèsì:

Bàbá Ẹ̀rọ ti sọ ti ihò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti TLC àti QLC, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ olówó kékeré jẹ jù.

Àìmọye sẹ́ẹ̀lì tó ń pa iná mọ́ra ló wà nínú SSD. Ẹ jẹ́ kí a pe sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní igbá tí a ń bu omi sí. Bí ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò bá ju pé ṣé omi wà nínú igbá tàbí kò sí, SLC nìyẹn, bíìtì 1 ló gbà. TLC ń kó bíìtì 3 sínú igbá kan náà, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ dúró sí ọ̀kan nínú ìlà 8 tí a fà sí inú rẹ̀. QLC ń kó bíìtì 4, ìlà sì di 16. Igbá kò tóbi sí i o, ìlà ló sún mọ́ ara wọn. Ẹni tó ń bu omi sí igbá onílà 16 gbọ́dọ̀ máa rọra bù ú, kí ó máa bẹ̀ ẹ́ wò léraléra, bí igbá bá sì gbó tó ń jò díẹ̀, kíákíá ni omi yóò ti bọ́ sí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí QLC fi ń lọ́ra láti kọ nǹkan, tí ọjọ́ rẹ̀ sì kúrú ju ti TLC lọ.

Kí a má baà tètè rí àléébù yìí, àwọn tó ń ṣe SSD máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ tí yóò máa ṣe bí SLC, ibẹ̀ sì ni ohunkóhun tí a bá kọ ti ń kọ́kọ́ balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ kò bá tíì kún, ohun gbogbo ń lọ geere. Mo ra QLC 1 TB kan nígbà kan rí, mo sì jókòó tì í bí mo ṣe ń kó fídíò sínú rẹ̀. Àwòrán ìyára tí Windows ń fi hàn dúró lókè lórí 480 MB títí ó fi gba nǹkan bí 40 GB, lẹ́ẹ̀kan náà ló bá já wálẹ̀ bí àgbọn, ó di 80 MB, kò sì gbéra níbẹ̀ mọ́. Mo lọ jẹun, mo padà dé, ibẹ̀ náà ni mo bá a. Hádì dísìkì àtijọ́ tí mo yọ kúrò ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tí wọn kì í kọ sí iwájú páálí ni DRAM, ìrántí kékeré kan tó yára gan-an. SSD gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ tó fi ń mọ ibi tí ó kó ohun kọ̀ọ̀kan sí. Èyí tó dára máa ń gbé àkọsílẹ̀ náà sínú DRAM tirẹ̀, nǹkan bí 1 GB fún 1 TB. Bí owó bá ti ń wálẹ̀, DRAM ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. NVMe tí kò ní DRAM lè yá díẹ̀ lára RAM kọ̀ǹpútà fi gbé ẹ̀mí ró, ṣùgbọ́n SATA kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra SATA, ẹ béèrè èyí tó ní DRAM. Samsung 870 EVO ní in, Crucial MX500 ní in, Crucial BX500 kò ní. N kò wí pé BX500 burú, ẹni tó bá ti ara hádì dísìkì bọ́ sórí rẹ̀ yóò ṣì dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí iye tó fi yàtọ̀ sí èyí tó ní DRAM kò bá ju owó kékeré lọ, kí a fi owó náà kún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ pé SSD máa ń gbó dẹ́rù bà yín. 180 TBW ni ilé-iṣẹ́ kọ sí MX500 500 GB, 300 ni Samsung kọ sí 870 EVO 500 GB, ìyẹn ni iye tẹ́rábáìtì tí a lè kọ sínú rẹ̀ kí wáráńtì tó kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ 30 GB lójoojúmọ́, èyí tí ìdílé yín kò lè kọ láéláé, 180 yẹn yóò gbà yín ní ọjọ́ 6000, ó lé ní ọdún 16. TLC 500 GB ni kí ẹ rà.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Mo gba gbogbo ohun tí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ sọ nípa igbá, ṣùgbọ́n n kò gba ibi tó gúnlẹ̀ sí.

Ó kó fídíò rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, QLC sì já a kulẹ̀. Ìdílé tó ń kọ lẹ́tà tó sì ń ka íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà mélòó ni wọn yóò kó 300 GB? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wọlé, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ lóru kí wọ́n lọ sùn. Láti ọjọ́ kejì, kíkà ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín QLC àti TLC nínú kíkà kò sì tó ohun tí ojú yóò rí.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Àwòrán 300 GB, kí Windows àti àwọn ètò tó kù gba bíi 100, 400 nìyẹn nínú 500, àwọn ọmọ kò sì tíì dá tiwọn sí i. SSD tó kún dẹ́nu kì í yá. Ó nílò àyè òfìfo láti fi tún inú ara rẹ̀ tò, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì rèé, apá tó ń ṣe bí SLC yẹn ń kéré sí i bí dísìkì ṣe ń kún. Èmi máa ń fi ìdá 15 nínú 100 sílẹ̀, n kì í fọwọ́ kàn án. TLC tí a kì bí àpò ìrẹsì yóò padà lọ́ra ju QLC tí ààbọ̀ rẹ̀ ṣófo lọ.

Nítorí náà ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi Alátùpà ni èyí: ṣé ihò SATA mìíràn ṣì wà lórí motherboard yín tí ẹ lè fi fi hádì dísìkì àtijọ́ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà? Bí ó bá wà, kí àwòrán dúró síbẹ̀, kí Windows nìkan bọ́ sórí SSD, a jẹ́ pé 500 GB tó, kódà ó ṣẹ́ kù, TLC ni kí ẹ mú. Bí kò bá sí, 1 TB ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi QLC bú yín.

Alátùpà fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tú u. Eruku tó wà nínú rẹ̀ tó fi kún ìkòkò. Mo rí ihò kan tí wọ́n kọ M.2 sí, inú mi kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n ibi tí síkúrù rẹ̀ wà kò jìnnà sí i rárá, kò gùn ju ààbọ̀ ìka ọwọ́ mi kan lọ, wọ́n sì kọ WIFI ní lẹ́tà kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Ihò SATA 4 ni mo kà, hádì dísìkì wà nínú ọ̀kan, ẹ̀rọ tó ń ka DVD wà nínú ọ̀kan, méjì ṣófo. Wáyà iná kan tí ẹnu rẹ̀ bá ti SATA mu ń fì dirodiro níbẹ̀, kò sóhun tó so mọ́ ọn.

Ó ku ìbéèrè kan. Àbúrò mi kò yéé dá mi lágara lórí 2 TB tí kò lórúkọ yẹn. Ó ní èèyàn tó ń ra orúkọ ló ń náwó, pé ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

Bàbá Ẹ̀rọ fèsì:

Ihò WiFi lẹ rí yẹn, ẹnu rẹ̀ kò bá ti SSD mu, ẹ má tì í wọ̀ ọ́ tipátipá. SATA ni tiyín.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ fèsì:

Ìyá Ìbejì, mo túúbá, n kò ronú kan 300 GB yẹn. Bí ihò méjì ṣe wá ṣófo yìí, ibi kan náà ni àwa méjèèjì pàdé.

Ní ti àbúrò yín, ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì sọ fún un pé ohun tó wà nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹnìkan gbé irú rẹ̀ wá fún mi, èyí tí wọ́n ń fi USB so, ó ní àwọn fáìlì òun ń ṣí ṣùgbọ́n òfìfo ló wà nínú wọn. Mo fi ọ̀bẹ tú u. Pátákó kékeré kan tó ń ka káàdì ìrántí fóònù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú káàdì kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi irin kan ṣe àfikún sí i kó lè wúwo lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ láti parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òun tóbi. Bí àyè rẹ̀ gidi bá ti kún, ohun tuntun yóò máa gorí ti àtijọ́ tàbí kó ṣòfò, Windows kò sì ní ṣe àkíyèsí kankan.

Bí àbúrò yín bá ti ra tirẹ̀, kí ó fi H2testw dán an wò kí ó tó kó ohunkóhun sí i. Ẹni tó bá ń lo Linux, F3 ni yóò lò. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ nǹkan kún dísìkì dé ẹnu, kí wọ́n sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ ló ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ fèsì:

Kí ẹ tó gbé SSD wọlé, ẹ gbọ́ ohun tó máa ń dun àwọn èèyàn lẹ́yìn.

Hádì dísìkì ọdún 9 tí àwòrán ẹbí wà lórí rẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí wọ́n wà. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sórí dísìkì mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kankan. Ẹ má sì rò pé SSD kò lè kú. Hádì dísìkì sábà máa ń ké kí ó tó kú, ṣùgbọ́n SSD lè ṣiṣẹ́ títí di alẹ́ kí ó má jí ní òwúrọ̀, bó bá sì ti lọ báyìí, ó ṣòro gan-an láti rí ohun inú rẹ̀ gbà padà.

Ẹ lè ṣe àdàkọ dísìkì àtijọ́, ẹ sì lè fi Windows tuntun sí i. Fún kọ̀ǹpútà tó ti kó pàǹtírí ọdún 9 jọ, Windows tuntun lèmi yóò ṣe. Bí ẹ bá ń fi í sí i, ẹ yọ wáyà SATA ti hádì dísìkì kúrò, kí SSD nìkan wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, Windows lè bọ́ sórí SSD ṣùgbọ́n kí fáìlì tó fi ń jí lọ fara pamọ́ sórí dísìkì àtijọ́, lọ́jọ́ tí èyí bá sì kú, SSD tí kò ní àrùn kankan kò ní lè tan. Mo ti tún kọ̀ǹpútà tó ní ìṣòro yìí ṣe tó mẹ́ta, ẹ̀rù sì ti ba àwọn tó ni wọ́n pé SSD àwọn ti bàjẹ́.

Ẹ wọ BIOS, ìyẹn ètò inú motherboard tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí, kí ẹ rí i pé AHCI ni wọ́n yàn fún SATA, kì í ṣe IDE tó jẹ́ ọ̀nà àtijọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí àyè tó bá SSD náà mu nínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi síkúrù méjì dè é mọ́ ibikíbi tí kò ti ní máa gbá kiri, nítorí kò sóhun tó ń yí nínú rẹ̀ tí yóò bínú. Nígbà tí ẹ bá ti parí, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ `fsutil behavior query DisableDeleteNotify`. Bí 0 bá jáde, TRIM ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìyẹn ni pé Windows ń sọ fún SSD àwọn àyè tí fáìlì ti kúrò kí ó lè palẹ̀ wọn mọ́.

Alátùpà fèsì:

Mo ti ṣe é. TLC 500 GB tó ní DRAM ni mo rà, mo fi síkúrù méjì dè é sí abẹ́ ẹ̀rọ DVD, àwòrán sì wà lórí hádì dísìkì bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ẹ̀dà wọn sì wà lórí dísìkì kejì tó wà nínú àpótí aṣọ. Nígbà tí mo tàn án, mo ti múra láti lọ bu omi mu bí ìṣe mi, n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ó fi béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú àáyá 22 ni mo kà lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ mi kékeré béèrè bóyá kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́, nítorí kò pariwo mọ́.

Ṣùgbọ́n Windows ń sọ fún mi pé 465 GB ni. Ṣé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ náà nìyẹn?

Ìyá Ìbejì fèsì:

Rárá o, ó pé. Ẹni tó ṣe dísìkì ń fi ẹgbẹ̀rún ka ẹgbẹ̀rún, nítorí náà báìtì bílíọ̀nù 500 ló kó fún yín. Windows ń fi 1024 ka ẹgbẹ̀rún tirẹ̀, bí ó bá sì pín bílíọ̀nù 500 yẹn bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta, 465 ló ń bọ́ sí. Ẹ lọ wo hádì dísìkì yín tí wọ́n kọ 1 TB sí, 931 ni ẹ ó bá níbẹ̀ láti ọdún 9 yìí.